Ẹ̀yìn tí Kò Kan Ilẹ̀

Kì í ṣe ìwé nìkan ni onítàn ń yẹ̀ wò. Ẹ̀rí wà nínú fíìmù ìjàkadì pẹ̀lú. Mo tún wo àwọn ìjà Kamala tí a gbà sílẹ̀ láti 1982 lọ. Wọ́n ní ará Ùgáńdà ni. Bẹ́ẹ̀, James Harris ni, Mississippi ní Amẹ́ríkà ni a sì bí i sí ní 1950.

Ohun méjì ni mo ṣàkíyèsí. Èkíní, Kim Chee tí ń darí rẹ̀ fi ìbòjú bojú, ó sì dé àkẹtẹ̀ líle bí ti ajẹ́lẹ̀ òyìnbó. Èkejì, Kamala a máa dùbúlẹ̀ lé alátakò tí ó dojú bolẹ̀, títí adarí yóò fi juwọ́ sí i pé kí ó yí i padà.

Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọmọdé tí ń jìjàkadì lórí yanrìn etí ọ̀sà mọ̀ pé ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ni a dá. Àìmọ̀ inú fíìmù yìí kì í ṣe tiwa: àwọn tí ó ṣètò eré náà ni ó fi wọ̀ wá. Ó yẹ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa béèrè ẹni tí ó ṣètò ohun tí wọ́n ń wò.