Ògbufọ̀

Ògbufọ̀ (ọ̀rọ̀ orúkọ): ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan, tó sì ń sọ ọ́ ní èdè tí ẹlòmíràn gbọ́. "Fọ̀" tó wà níparí rẹ̀ náà ló wà nínú "fọhùn". Ní kóòtù, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti nídìí òwò ni a ti mọ̀ ọ́n jù.

Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ kan wà tó jẹ́ pé àárín ayé àná àti ayé òní ló dúró sí. Ní Quarry Bank, ilé-iṣẹ́ ìrànwú tí Samuel Greg dá sílẹ̀ ní 1784 lábúlé Styal, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú àwọn ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa wọ aṣọ ìgbà náà láti mú àlejò yí ilé tí àwọn ọmọ iṣẹ́ gbé ká. Àlejò á rí ibùsùn tí ọmọ méjì ń pín sùn, á sì gbọ́ bí ọmọdé ṣe ń ṣiṣẹ́ nǹkan bí wákàtí 12 lójúmọ́.

Síbẹ̀, aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Aṣọ àtijọ́ nìkan kì í sọni di ògbufọ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìtàn náà tinú tẹ̀yìn, kó má sì fi ibi tó korò pamọ́: àwọn ẹrú, ìran ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, ló ń ká òwú ní Amẹ́ríkà fún irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Òkú kò lè fọhùn mọ́. Ògbufọ̀ ló ń bá wọn sọ ìtàn wọn.