ASỌ̀RỌ̀MÁGBÈSÌ: Ọ̀RỌ̀ ẸNU LÓRÍ OHUN ÌGBÀLÓDÉ NÍ APÁ ÌWỌ̀-OÒRÙN ÈKÌTÌ

Àwọn tí ń kọ ìtàn ilẹ̀ Èkìtì kì í sábà gbàgbé ogun, oyè àti ìjọba. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í kọ sílẹ̀, èyí ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń sọ lásán nígbà tí ohun titun bá wọ ìlú. Bí ẹ̀rọ kan bá dé, bí òṣèré kan bá gbòde, kì í ṣe inú ìwé ni a ti ń kọ́kọ́ dá wọn lẹ́jọ́. Ìdí ẹmu ni, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni, abẹ́ igi ni, àti ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí a ń pàtẹ ìwé ìròyìn tí ogún ènìyàn ń kà tí ẹnì kan ṣoṣo sì ń rà. Ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ náà kò rò pé òun ń sọ ohun tí ó tó kọ sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Síbẹ̀, kì í lọ tán. A máa fi orúkọ sílẹ̀. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ tọpa díẹ̀ nínú irú àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Ìjerò, Àrámọ̀kọ, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Òkèmẹ̀sí, kí a lè mọ ohun tí àwọn baba wa rò nípa ẹ̀rọ, àti ẹni tí wọ́n gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹ̀rọ lóhùn.

Ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni Òkèmẹ̀sí. Láti ìlú yìí ni Fábùnmi ti dìde ní ọdún 1878, tí ó pa ajẹ́lẹ̀ tí àwọn Ìbàdàn fi jẹ lé wọn lórí, tí àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn alájọṣe wọn sì para pọ̀ láti bá Ìbàdàn jà. Ogun náà le títí di ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Àgọ́ ogun kò sì tú títí di 1893. Gbogbo ẹni tí ó ka ìtàn ni ó mọ̀ ọ́n sí ogun Kírìjì. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó nínú wa ni ó ti dúró bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ń jẹ́ Kírìjì? Kì í ṣe orúkọ ìlú bí Ìjàyè, kì í sì í ṣe orúkọ ènìyàn. Ìró ìbọn ni. Ìbọn ṣakabùlà, tí a ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu, ni gbogbo ayé ti mọ̀ tipẹ́; nígbà tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé Èkó ra ìbọn titun tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sílé, ìró tirẹ̀ láàárín àwọn òkè wọ̀nyẹn ṣe àjèjì sí etí. A fi ẹnu wí i bí a ti gbọ́ ọ, ẹlòmíràn sì gbà á, títí gbogbo ogun fi di Kírìjì. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó lórí orúkọ náà, kò sì sí ọba tí ó pàṣẹ rẹ̀. Fábùnmi wà níbẹ̀, Ògèdèǹgbé wà níbẹ̀, Ààrẹ Látòósà wà ní ìhà kejì; síbẹ̀ ẹ̀rọ ni àwọn ènìyàn fi sọ ogun lórúkọ. Mo rò pé èrò àwọn tí ojú wọn rí i nípa ohun tí ó yí ogun padà nìyẹn.

Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ dúró tì jù lọ ni rédíò. Ní ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà fa ohùn wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí kékeré ara ògiri ni. Ẹni tí ń sanwó rẹ̀ kò lè yan ohun tí yóò gbọ́, àfi kí ó gbé ohùn rẹ̀ sókè, tàbí kí ó pa á. Iṣẹ́ rédíò ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Ṣùgbọ́n ní ìgbèríko wa, níbi tí iná mànàmáná kò tí ì wọ́pọ̀, rédíò kékeré tí ń lo bátìrì ni ó gbé ohùn náà dé oko. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á ní 1954, kò sì pẹ́ tí owó kòkó fi rà á dé Èkìtì, gẹ́gẹ́ bí ó ti ra kẹ̀kẹ́ ológeere àti páànù ìbolé.

Àwọn ará ìlú ńlá a máa fi ará oko ṣe ẹ̀sín pé, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ rédíò, ẹ̀yìn àpótí ni wọ́n lọ wò bóyá ènìyàn lúgọ síbẹ̀. Èmi kò gba ìtàn yìí tó bí a ti ń sọ ọ́. Àwọn tí baba wọn ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ṣakabùlà àti ìbọn ìgbàlódé kì í ṣe ẹni tí àpótí lásán yóò dà lójú rú bẹ́ẹ̀. Ẹ wo orúkọ tí Yorùbá sọ ọ́: asọ̀rọ̀mágbèsì. Kò sí iwin, kò sí àǹjọ̀nú nínú orúkọ náà. Ẹ̀sùn ìwà ni ó wà níbẹ̀: ó ń sọ̀rọ̀, kì í sì í gba èsì. Láàárín wa, ẹ̀sùn yìí kò kéré. Ẹni tí ó kíni ní ń dúró gba ìdáhùn. Kábíyèsí pàápàá, bí ó bá sọ̀rọ̀ láàfin, ìjòyè a fèsì. Ẹni tí ń pa àlọ́ fún ọmọdé lálẹ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Àlejò kan wá wọ ilé, ó ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, kò sì dákẹ́ gbọ́ ti onílé! Orúkọ tí ó tọ́ sí i náà ni a fún un. Nítorí pé àpótí kò gba èsì, àwọn olùgbọ́ yíjú sí ara wọn, wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn lórí ohun tí ó sọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ abẹ́ igi ti gbilẹ̀.

Kí ẹ má ṣe rò pé ọ̀ràn ará oko nìkan ni èyí. Ní ọdún 1953, lẹ́yìn tí Anthony Enahoro dá àbá ìjọba-ara-ẹni ní ilé ìgbìmọ̀ tí ohun gbogbo sì dàrú, Gómìnà John Macpherson gba orí rédíò lọ bá àwọn aṣáájú Ẹgbẹ́ Ọ̀pẹ wí. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí a fún òun náà láyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn kò gbà. Asọ̀rọ̀mágbèsì náà jẹ́ orúkọ rẹ̀ fún olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gẹ́gẹ́ bí ó ti ń jẹ́ ẹ fún àgbẹ̀ Ìjerò. Nígbà tí òfin ọdún 1954 fún àwọn ẹkùn láyè láti ní ilé-iṣẹ́ tiwọn, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò jáfara: ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ adúláwọ̀ ìsàlẹ̀ Sàhárà. Ohun ìyangàn ni, a kò sì gbọdọ̀ dín in kù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n wí i bí ó ti rí: ìjọba ni ó rí ọ̀nà láti dá ìjọba lóhùn. Ará Àrámọ̀kọ kò tí ì rí tirẹ̀. Ìgbì tẹlifíṣọ̀n a máa rìn gbọnrangandan bí ìmọ́lẹ̀, òkè a sì máa dí i; ẹni tí ó bá mọ àwọn òkè tí ó yí Ẹ̀fọ̀n ká mọ̀ pé àwòrán láti Ìbàdàn kò lè fi ìrọ̀rùn dé ibẹ̀. Amóhùnmáwòrán ni àwọn ọ̀mọ̀wé pe ẹ̀rọ náà. Orúkọ náà dára, ó sì pé, ṣùgbọ́n kò bá ẹ̀rọ náà jà, kò sì yìn ín. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹnu ọjà fi fẹ́ràn tẹlifíṣọ̀n jù ú lọ.

Ibi tí èsì ti ṣeé fọ̀ ní gbangba ní ìgbà náà ni orí ìtàgé. Ọmọ Òkèmẹ̀sí ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí a bí ní ọdún 1925, tí ó sì kú ní 1973. Òun ni ó sọ ìwé Amos Tutuọlá nípa ọ̀mu ẹmu di eré, tí wọ́n ṣe é ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Nínú eré Yorùbá irú tirẹ̀, òǹwòran kì í jókòó bí òkúta. Yóò kìlọ̀ fún ẹni tí ọ̀tá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, yóò bú ọ̀dàlẹ̀, yóò bá olórin gbe orin. Bí eré bá sì tú, àríyànjiyàn a máa bá wọn dé ilé. Ìjọba mọ agbára èyí. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Yorùbá Ronú jáde ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin dè é kí ó má ṣe ṣeré ní gbogbo ẹkùn náà. Ó fi Òtítọ́ Korò dá wọn lóhùn ní ọdún kan náà. Ọdún 1966 ni wọ́n tó tú òfin náà, lábẹ́ ìjọba Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì.

Fídíò dé lẹ́yìn èyí, ó sì mú ire àti ibi wá pọ̀. Ní 1982 ni Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá ti Iléṣà, gbé sinimá Ọ̀run Móoru jáde. Àwọn olè dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì dé bá ẹni tí ó fi owó rẹ̀ ṣe é. A kò gbọdọ̀ fi ìwà yìí ṣeré. Síbẹ̀ náà, kásẹ́ẹ̀tì fún òǹwòran ní ohun tí tẹlifíṣọ̀n kò fún un: ó lè dá òṣèré dúró lẹ́nu ọ̀rọ̀, kí ó jiyàn tán pẹ̀lú àwọn ará ilé, kí ó sì wá jẹ́ kí òṣèré máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ sí gbòde ní Nàìjíríà. Ṣáájú èyí, láti 1994 ni àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò aládàáni ti ń jáde. Nígbà tí méjèèjì pàdé, asọ̀rọ̀mágbèsì bẹ̀rẹ̀ sí gba èsì: àgbẹ̀ tí ó wà lábẹ́ igi kòkó lè tẹ ilé-iṣẹ́ rédíò láago, kí ó sì bá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ jiyàn kí gbogbo ayé máa gbọ́. Orúkọ kò tún bá ẹni tí ń jẹ́ ẹ mu mọ́, ṣùgbọ́n a kò yí i padà. Àwọn ọ̀rọ̀ titun sì wọlé láìkọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Bí bátìrì fóònù bá tán, a ní fóònù ti kú, lọ́jọ́ kejì a sì tún gbé e sétí. Bí a bá pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kan tí a sì tètè gé e kí owó má bàa lọ, a ní a fi fíláàṣì ránṣẹ́ sí i. Kọ̀ǹpútà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá. Èmi gbà pé ẹni tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò tí ì jókòó ní kàfé fún wákàtí kan kí ojú ewé kan ṣoṣo tó ṣí. Àmọ́ ayélujára, orúkọ tí a fún íntánẹ́ẹ̀tì, yàtọ̀ pátápátá. Ayé ti lu sí ara wọn já: ògiri tí ó wà láàárín ilé àti ilé ti ní ihò, ohùn tèmi ń dé ọ̀dọ̀ rẹ, tìrẹ náà sì ń dé ọ̀dọ̀ mi. Bí a bá gbé orúkọ yìí ka iwájú asọ̀rọ̀mágbèsì, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, èkíní ní ẹ̀dùn, èkejì ní ìyanu tí ẹ̀rù díẹ̀ pò mọ́. Ìjọba náà ṣì mọ agbára èsì: láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021 di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fi dá Twitter dúró ní Nàìjíríà.

Ohun kan ni ó ń dùn mí nínú gbogbo èyí. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti èyí tí ó wà nílé ti lè jọ jiyàn nísinsìnyí lórí fóònù tí ó dára jù, lórí olórin tí ó gbòde, lórí sinimá àná. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni, tàbí Yorùbá tí kò ní àmì. Ẹ̀rọ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ẹ àti ọ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ wọn ní ààyè nínú àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò jákèjádò ayé, nítorí pé àwọn ará Vietnam náà ń lò wọ́n; ṣùgbọ́n bí a bá tún gbé àmì ohùn lé wọn lórí, kò sí ààyè kan ṣoṣo fún wọn mọ́, àfi kí a to àmì mọ́ lẹ́tà, ọ̀pọ̀ fóònù kì í sì í tò ó dáradára. Èyí kan Yorùbá gbogbogbò. Ti Èkìtì tún burú jù ú, nítorí pé ẹni tí ń pe ilé ní ulé, tí ń pe iṣu ní uṣu, kò rí ilé-ìwé tí ó kọ́ ọ bí a ti ń kọ èdè ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ti fọwọ́ kan fóònù, ó di ará Ọ̀yọ́.

Láti ọdún 2013 ni WhatsApp ti fi àyè sílẹ̀ fún ohùn tí a ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́, ó sì dà bí ẹni pé ẹni tí ó ṣe é ní Èkìtì lọ́kàn. Ẹni tí kò lè kọ ulé lè wí i. Àwọn àgbà tí kì í tẹ lẹ́tà a máa tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, wọn a sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó wà ní ìdí ẹmu, pẹ̀lú òwe, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀, pẹ̀lú ìkìlọ̀ fún àwọn ọmọ tí kì í gbé fóònù sílẹ̀ bí wọ́n bá ń jẹun. Irú ọ̀rọ̀ tí ó sọ Kírìjì lórúkọ nìyí, ní ohùn Èkìtì, nínú ohun tí a lè tún gbọ́ lọ́la. Kò sí yàrá ìwé kan tí ń kó wọn jọ. Inú fóònù àwọn ènìyàn ni wọ́n wà, láàárín fọ́tò ìgbéyàwó àti fídíò àwàdà. Nígbà tí ààyè bá sì kún, tí fóònù bá béèrè ohun tí a ó yọ kúrò, àwọn ohùn wọ̀nyí ni olówó fóònù ń kọ́kọ́ pa rẹ́.