Ológò, Àwìn àti Òfin

Yorùbá ní ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Òwe yìí kò pe onígbèsè ní olè. Ohun tí ó wí ni pé ọ̀nà tí ó gbà rí owó lánàá, òun fúnra rẹ̀ ni ó dí i. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àìsan gbèsè àti ìwà ọ̀daràn ni mo fẹ́ tọpa rẹ̀ níhìn-ín.

Láyé àtijọ́, onígbèsè lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe dúró fún èlé. Ojú owó kò yẹ̀ títí a ó fi san án. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó fi ìgbà èwe rẹ̀ sin gbèsè tí kì í ṣe òun ni ó jẹ ẹ́.

Bí olówó bá sì ti retí títí tí ó sú u, a máa dógò ti onígbèsè. Samuel Johnson ṣe àlàyé àṣà yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Àwọn aláṣẹ ìlú ni í rán ológò níṣẹ́. Yóò wọ ilé onígbèsè, yóò máa bú u, yóò bèèrè oúnjẹ tí ó wù ú, yóò sì pa adìẹ ilé jẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ààlà wà fún òun náà: ó lè jẹ, ó lè lo ohun tí ó bá nílé, kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun lọ.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, wọ́n sì fi òfin ilẹ̀ wọn lélẹ̀ níbẹ̀ ní 1863. Nígbà náà, ẹ̀wọ̀n ṣì ń bẹ fún onígbèsè nílẹ̀ wọn. Bàbá Charles Dickens, òǹkọ̀wé nì, wọ ẹ̀wọ̀n Marshalsea ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1824 nítorí gbèsè. Òfin ọdún 1869 ni ó mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ kúrò.

Lóde òní, káàdì ni ọ̀pọ̀ fi ń ra àwìn. Bí ọjọ́ bá kọjá tí a kò san án, èlé yóò máa gorí owó. Orúkọ onígbèsè yóò wọ àkọsílẹ̀ tí àwọn tí ń yáni lówó máa ń yẹ̀ wò. Igi tí òwe wa sọ ti dí ọ̀nà nìyẹn. Láti 2020 ni ètò kan tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ti fún báńkì lágbára láti gba owó tí ó yá ènìyàn nínú owó rẹ̀ tí ó wà ní báńkì mìíràn. Bí ó bá di ẹjọ́, adájọ́ lè pàṣẹ kí a gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀. Ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ tí ó kọ̀ láti san ohun tí ilé ẹjọ́ pa láṣẹ lè rí ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí ó fi ìwé sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí san gbèsè sì ti kọjá sí ọ̀ràn, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1977. Ṣùgbọ́n gbèsè lásán kì í ṣe ọ̀ràn. Òfin ọdún 2015 lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn àti òfin ọlọ́pàá ti 2020 ka á léèwọ̀ láti mú ènìyàn nítorí àdéhùn tí kò mú ṣẹ nìkan.

Síbẹ̀, ológò ti padà dé, inú fóònù ni ó jókòó sí. Àwọn ayánilówó kan ń kọ ìránṣẹ́ èébú sí àna, ọ̀gá àti ọ̀rẹ́ onígbèsè, wọ́n ń pè é ní olè lójú gbogbo ayé. Ní 2022, àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo oníbàárà tú ọ́fíìsì irú wọn kan wò ní Èkó. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ fún Yorùbá; nítorí náà ni ìlú kò fi jẹ́ kí ológò yan ara rẹ̀ sípò. Ta ni ó rán ti inú fóònù yìí níṣẹ́? Níbo sì ni ààlà rẹ̀ wà? Kí onígbèsè san gbèsè rẹ̀ tọ́, ó yẹ. Kí ẹni tí ń sin gbèsè náà mọ ibi tí òfin pa láàlà fún un, ìyẹn pẹ̀lú jẹ́ gbèsè tí ó jẹ ìlú.