Ọdán Inú Àwo: Ta Ló Ni Ìrísí Igi?

Bí a bá dárúkọ bonsai, ohun tó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni igi páìnì kékeré kan tó tẹ̀ bí arúgbó nínú àwo pẹlẹbẹ, ní Japan. Ìtàn yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò pé. Ní gúúsù Ṣáínà, ní Taiwan àti ní erékùṣù Okinawa, níbi tí òtútù kì í ti í pa ewé, ìdílé igi ọdán ni wọ́n ń gbìn sínú àwo. Ẹ̀yà tí wọ́n ń lò jù ni Ficus microcarpa, ìbátan ọdán tiwa gan-an. Èrò mi ni pé àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwo nìkan ni a kò ní.

Ṣáínà ni iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀. Nínú ibojì Ọmọba Zhanghuai, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 706 nítòsí ìlú Xi'an, àwòrán ìránṣẹ́ kan wà lára ògiri tó gbé àwo tí òkúta àti igi kéékèèké wà nínú rẹ̀. Japan kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn lẹ́yìn náà. Ti ọdán ní tirẹ̀, ìgboro ló kọ́kọ́ gbajúmọ̀ sí. Ìtàn Fuzhou sọ pé alákòóso ìlú náà, Zhang Boyu, pàṣẹ ní nǹkan bí ọdún 1065 pé kí agboolé kọ̀ọ̀kan gbin ọdán kí òjìji lè bo ìlú. Títí dòní, Ìlú Ọdán ni wọ́n ń fi pe Fuzhou.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ igi yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní Yangzhou àti Sichuan, okùn ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń so ẹ̀ka títí yóò fi gba ìrísí tí wọ́n fẹ́. Àwọn ará Guangzhou ní ọ̀nà tiwọn. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, Kong Taichu àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ̀nà kan di olókìkí tó bá ooru ìlú wọn mu: jẹ́ kó hù, kí o gé e. Ẹ̀ka yóò hù gbọọrọ títí yóò fi nípọn tó, wọn yóò gé e kúrú. Èyí tó bá sọ níbẹ̀ yóò tún hù, wọn yóò tún gé e. Ojú gígé kọ̀ọ̀kan di oríkèé kan, oríkèé kan sì lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí igi kan gba ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ ènìyàn kì í ṣe ohun ìyanu rárá.

Bí ọdán inú àwo bá máa tóbi (èyí tó gba ènìyàn méjì láti gbé ni mò ń sọ), wọn kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti orí irúgbìn. Ìtì tó nípọn bí itan ni wọ́n ń gé, wọn yóò rì í mọ́lẹ̀, yóò sì ta gbòǹgbò. Wọ́n tún lè di ọ̀pọ̀ igi kéékèèké pọ̀ kí wọ́n lè di ọ̀kan, torí ara ọdán a máa lẹ̀ mọ́ ara. Gbòǹgbò tó ń já wálẹ̀ láti ẹ̀ka, wọ́n á darí rẹ̀ kó lè kan ilẹ̀. Bó bá kan ilẹ̀ tán, yóò nípọn di òpó. Nígbà tí igi bá lágbára dáadáa, wọ́n á já gbogbo ewé rẹ̀ kí ewé tuntun lè kéré, kí ẹ̀ka sì pọ̀. Oje funfun á ṣàn lójú ọgbẹ́, ọgbẹ́ náà á sì tètè jiná. Ní Parabiago, lẹ́bàá Milan ní Ítálì, ọdán ńlá kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Crespi, tí wọ́n ṣí ní 1991. Wọ́n ní ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Èmi ò ní búra sí ọjọ́ orí yẹn, torí igi ilẹ̀ olóoru kì í sábà ní òrùka ọdún tó ṣeé kà dáadáa.

Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ wo ní Kano ni gbogbo èyí yóò yà lẹ́nu? Ọdán tiwa, Ficus thonningii, ni àwọn Haúsá ń pè ní cediya. Ìtì rẹ̀ ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, kó lè di ọgbà ààyè yí oko àti agbo ẹran ká. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á gé orí rẹ̀ fún ewúrẹ́, yóò sì tún rúwé. Jẹ́ kó hù, kí o gé e: ewúrẹ́ ló kàn jẹ́ ọ̀gá níbí.

Ọ̀rọ̀ agbára náà wà nínú igi yìí. Nílẹ̀ Akan, gyedua ni igi òjìji tí wọ́n ń gbìn sí gbangba ìlú, tí ìjòyè ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀. Bí Asantehene bá wàjà, wọ́n á ní igi ńlá ti wó. Ní Àríwá Nàìjíríà, Gamji ni wọ́n ń fi ki Ahmadu Bello, Sardauna Sókótó, tí wọ́n pa ní oṣù Kìíní ọdún 1966. Ìdílé ọdán náà ni gamji, Ficus platyphylla tó gbórí gbòòrò. Ọdán iwájú ààfin àti ti ọjà nílẹ̀ Yorùbá kò nílò àlàyé.

Ní Gúúsù Áfíríkà, Charles Ceronio ti Pretoria kọ̀ láti gbà pé gbogbo igi inú àwo gbọ́dọ̀ jọ páìnì orí òkè Japan. Ó wo igi ilẹ̀ rẹ̀, ó sì mú àwòṣe láti ara wọn: ìrísí oṣè, ìrísí olórí pẹlẹbẹ, àti ìrísí Pierneef, tí wọ́n fi orúkọ ayàwòrán J. H. Pierneef pè, torí igi inú àwòrán rẹ̀ máa ń ṣí bí agboòrùn. Mo ka iṣẹ́ yẹn sí iṣẹ́ òpìtàn.

Àwa ńkọ́? Mo ti rí ọdán kékeré onídìí wúlẹ̀wúlẹ̀ lẹ́bàá títì ní Abuja, ẹ̀yà ilẹ̀ Éṣíà, tí wọ́n ń tà ní owó gọbọi, nígbà tí ayùn ń gé cediya ojú ọ̀nà lulẹ̀ torí gọ́tà àti títì tuntun. A ń ra ìrísí ìlú ẹlòmíràn, a sì ń sun tiwa ní igi ìdáná. Àwọn kan á ní ìyà ni bonsai fi ń jẹ igi. Mi ò gbà. Ẹ já ewé igi tí ebi ń pa, kó ní í bọ̀ sípò. Ti inú àwo gbọ́dọ̀ jẹun kánú kó tó lè fara da ọ̀bẹ. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ náà níbí ń tẹ ẹ̀ka sísàlẹ̀ bíi pé òjò dídì wúwo lé e lórí. Òjò dídì wo, ní Minna?

Bó bá jẹ́ èmi, ní Jos tí mò ń gbé, ìtì cediya ni màá gé nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Màá jẹ́ kí ìdí rẹ̀ kúrú, kí orí rẹ̀ gbòòrò ju gíga rẹ̀ lọ. Mi ò ní retí gbòǹgbò púpọ̀ láti orí ẹ̀ka, torí ọyẹ́ wa gbẹ jù. Mi ò sì ní gbé òkúta sí ìdí rẹ̀ bíi ti àwọn ará Ṣáínà. Abẹ́ rẹ̀ yóò ṣófo, bó ṣe yẹ kí abẹ́ igi ìpàdé rí.