Lẹ́yìn Ìdínà: Fólétì, Kòkòrò Ibà àti Ìṣàkóso Inú Sẹ́ẹ̀lì

Báwo ni sulfadoxine-pyrimethamine, oògùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Fansidar, ṣe ń pa kòkòrò ibà láìpa ẹni tó gbé e mì? Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ni pé oògùn náà lẹ̀ mọ́ ẹ́ńsáìmù kòkòrò ju bó ṣe lẹ̀ mọ́ ti ènìyàn lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tó. Èrò mi ni pé ohun tí sẹ́ẹ̀lì bá rí ṣe lẹ́yìn tí oògùn ti dí ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ṣe pàtàkì bí ìdínà náà fúnra rẹ̀.

Fólétì ni ọ̀rọ̀ dá lé. Èròjà amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, tí àwọn ẹ́ńsáìmù kan kò lè ṣe ohun tí a fi ń kọ́ DNA láìsí i. Àwa ènìyàn kì í dá a ṣe. Inú ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹ̀dọ̀ ẹran la ti ń rí i. Plasmodium falciparum ní tirẹ̀ lè ṣe é fúnra rẹ̀. Sulfadoxine ń dí DHPS, ẹ́ńsáìmù kan lójú ọ̀nà ìṣẹ̀dá yìí tí kò sí lára ènìyàn rárá. Pyrimethamine, tó ti ibi iṣẹ́ Gertrude Elion àti George Hitchings jáde (wọ́n wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988), ń dí DHFR, tó ń sọ fólétì di irú èyí tí sẹ́ẹ̀lì lè lò. DHFR wà lára àwa náà. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

Sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe irú èròjà bẹ́ẹ̀ láìwo ohun tó wà nílẹ̀. Ọmọ tó rí i pé àmù ti kún kì í tún gbé korobá lọ sódò. Àpẹẹrẹ kan ni coenzyme A, èròjà amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ mìíràn: bó bá ti pọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń padà lọ dí pantothenate kinase, ẹ́ńsáìmù tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láti ara fítámì B5. DHFR ènìyàn gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo, á lẹ̀ mọ́ mRNA tirẹ̀, ìyẹn ìwé àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé láti ṣe é, kò sì ní jẹ́ kí a ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n bí oògùn bíi methotrexate bá wọ ibi tó fi ń ṣiṣẹ́, á tú mRNA náà sílẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe DHFR tuntun dípò èyí tó ti kú.

Ní 2002, Zhang àti Rathod fi hàn nínú ìwé ìròyìn Science pé ti kòkòrò ibà kò rí bẹ́ẹ̀. DHFR tirẹ̀ náà ń lẹ̀ mọ́ mRNA, ṣùgbọ́n ibi tó fi lẹ̀ mọ́ ọn kò ní àjọṣe pẹ̀lú ibi tí oògùn ń wọ̀. Oògùn dé, ẹ́ńsáìmù kú, síbẹ̀ àṣẹ pé kí a má ṣe òmíràn ṣì dúró. Àlàyé yìí kò lé ti ìlẹ̀mọ́ra lọ. Ó sọ ìdí tí kòkòrò náà kò fi lè gbéra nígbà tó bá ti ṣubú.

Ọ̀nà tí kòkòrò náà ń gbà bọ́ lọ́wọ́ oògùn bá èyí mu. Kò lè pe DHFR púpọ̀ sí i nígbà tó bá nílò rẹ̀, nítorí náà inú apilẹ̀ àbùdá ni àtúnṣe ti ń wá: serine tó wà ní ipò 108 lára DHFR di asparagine, àwọn ìyípadà mìíràn sì ń gùn ún. Ní Thailand, wọ́n rí àwọn kòkòrò tó ní ẹ̀dà púpọ̀ apilẹ̀ àbùdá GTP cyclohydrolase, ẹ́ńsáìmù tó ń ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ fólétì. Lójú tèmi, ohun tí kò lè fi ìṣàkóso ojoojúmọ́ ṣe ló ń fi ẹ̀dà apilẹ̀ àbùdá ṣe.

Èyí kan ilé ìwòsàn aboyún gan-an. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún máa lo oògùn yìí láti dènà ibà ní àwọn ibi tí ibà ti pọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ láti ìdá kejì nínú ìdá mẹ́ta oyún, kí oṣù kan ó kéré tán sì wà láàárín ìlò kan àti èkejì. Aboyún kan náà tún ń gba fólíìkì ásíìdì, tó jẹ́ irú fólétì kan. Bí ó bá jẹ́ 0.4 mg lójúmọ́, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀ oòrùn Kenya, tó jáde ní 2006, fi hàn pé 5 mg ń dín agbára oògùn náà kù. Kòkòrò ibà lè mú fólétì látinú ẹ̀jẹ̀ wa, kó sì yẹ ìdínà sulfadoxine sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń fún aboyún ní Fansidar ní láti wo iye tó wà lára páálí fólíìkì ásíìdì kó tó fi méjèèjì lé e lọ́wọ́, torí 5 mg kò ṣọ̀wọ́n ní ilé oògùn wa.