Àwòrán Ògiri Tí Ó Ti Wó

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Lónìí, ẹ jẹ́ kí a wo bí àwòrán ṣe ń ran àrọ́bá lọ́wọ́.

Àgbómè ni ààfin àwọn ọba Dàhọ̀mì wà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀. Wọ́n tún fi amọ̀ ṣe àwòrán sára ògiri náà, wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Kìnnìún dúró fún ọba Glèlè, ẹja àkurákudà dúró fún ọba Béhanzin. Ẹni tí kò mọ ìwé lè rí ìtàn níbẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Faransé ń bọ̀. Béhanzin ní kí wọ́n dáná sun ààfin. Lẹ́yìn náà, òjò ń jẹ ògiri tí ó ṣẹ́ kù.

Ní ọdún 1911, Faransé kan tí ń jẹ́ Waterlot ya àwọn àwòrán ara ògiri náà sórí ìwé, pẹ̀lú àwọ̀ wọn. Ní ọdún 1926, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìlú Paris. Fortier, ayàfọ́tò tí ń gbé Dakar, ti wá sí Dàhọ̀mì ṣáájú rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1908. Ó tẹ fọ́tò rẹ̀ sórí káàdì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Títí di òní, àwọn ènìyàn ń wá irú káàdì bẹ́ẹ̀ rà, wọ́n ń kó wọn pamọ́. Ògiri lè wó, ṣùgbọ́n ìwé tí a tọ́jú ń sọ bí ó ti rí.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó dun àwa Nàgó. Nínú àwòrán wọ̀nyí, jagunjagun Dàhọ̀mì ń ṣẹ́gun àwọn ènìyàn wa. Ẹ sì rántí pé Dàhọ̀mì ló pa Kétu run ní ọdún 1886. Ẹnì kan lè bi mí pé: "Olùkọ́, kí ni a fẹ́ fi irú àwòrán yìí ṣe?" Èmi á ní: ẹni tí ó ṣẹ́gun ló yà á láti fi yangàn, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí wa ni ó dà lónìí. Ìtìjú kò sí fún ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú. Bí àwòrán náà bá sọnù, ta ni yóò gbà pé ó ṣẹlẹ̀?

Ẹ wo inú ilé yín. Bóyá fọ́tò ìyá àgbà wà nínú àpótí, tí ikán fẹ́ jẹ. Ẹ gbé e kúrò níbi tí òjò ń jò sí. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, kí ẹ kọ orúkọ ẹni náà, ìlú rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n yà á, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lọ bi àgbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Lánàá, ẹ kò lè kọ ọ́. Lónìí, ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ.