Èkùrọ́ Inú Átọ́ọ̀mù: Àyẹ̀wò Bí Wọ́n Ṣe Ṣàwárí Rẹ̀

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Àyèká dé Òkìtìpupa, níbi tí ọ̀pẹ ti jẹ́ igi owó, ẹyìn ni àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ni jù lọ fún ohun tí ẹran rẹ̀ yí èkùrọ́ ká. Àpẹẹrẹ yìí wúlò fún àlàyé átọ́ọ̀mù, ìyẹn ègé tí ó kéré jù lọ tí wúrà tàbí kábọ̀n lè pín sí tí yóò ṣì máa jẹ́ wúrà tàbí kábọ̀n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibì kan wà tí àpẹẹrẹ náà ti ń tiro.

Èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí kò ṣe é gé. John Dalton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó sọ èrò àtijọ́ yìí di ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ṣùgbọ́n ní 1897, J. J. Thomson fi hàn ní Cambridge pé ohun tí kò ṣe é gé ní ègé nínú. Ègé náà ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, tí ó ru agbára iná òdì. Thomson gbà pé agbára iná rere tí ó bá a dọ́gba tàn ká gbogbo inú átọ́ọ̀mù, bí ẹyìn tí kò ní èkùrọ́.

Ìdánwò tí ó bi èrò yìí wó wáyé ní Manchester ní 1909, nígbà tí Hans Geiger àti Ernest Marsden, lábẹ́ ìdarí Ernest Rutherford, ń ta ọta álífà lu awẹ́ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Álífà jẹ́ ègé tí ó ru iná rere, tí ó sì wúwo ju ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 7,000, nítorí náà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò lè dá a padà. Ọ̀pọ̀ jù lọ la wúrà kọjá, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ta padà sẹ́yìn. Ní 1911 Rutherford sọ ìdí rẹ̀: iná rere àti ìwúwo átọ́ọ̀mù kóra jọ sí ojú kan ṣoṣo láàrin. Èkùrọ́ wà nínú ẹyìn lóòótọ́.

Ibi tí àpẹẹrẹ ti ń tiro nìyí, nítorí pé átọ́ọ̀mù kò ní ẹran. Bí èkùrọ́ átọ́ọ̀mù háídírójìn bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1, tí a sì gbé e sí àárín Àyèká, nǹkan bíi mítà 300 ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ yóò fi jìnnà sí i, òfìfo ni yóò sì wà láàrin wọn.

Pírótọ́ọ̀nù, tí ó ru iná rere, ni Rutherford kọ́kọ́ dá mọ̀ nínú èkùrọ́ yìí. James Chadwick rí niútírọ́ọ̀nù, tí kò ru iná kankan, ní 1932. Iye pírótọ́ọ̀nù ni ó ń sọ orúkọ átọ́ọ̀mù: èyí tí ó bá ní 6, kábọ̀n ni, ìbáà wà nínú epo pupa, ìbáà wà nínú ọ̀dà dúdú inú ilẹ̀ Agbabu.

Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀rọ kan wà tí ń fi agbára iná mílíọ̀nù 1.7 fóltì ta ọta álífà, bíi ti Geiger àti Marsden, lu ohun tí wọ́n bá fẹ́ yẹ̀ wò. Bí èkùrọ́ tí ọta bá lù bá ṣe wúwo tó ni agbára tí ọta fi ń ta padà ṣe ń pọ̀ tó, láti inú èyí ni wọ́n sì ti ń mọ irú átọ́ọ̀mù tí ó wà níbẹ̀. Geiger àti Marsden jókòó sínú òkùnkùn láti fi ojú ka ìtànná ọta kọ̀ọ̀kan. Ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀rọ ni ó ń kà á, orúkọ Rutherford ni wọ́n sì fi ń pe ọ̀nà ìwádìí náà.